Fífi RV gbé màmá láti Houston lọ sí Atlanta: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ bá mi dá sí i

ỌmọÌjẹ̀bú_Houston
Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́. Màmá wa dé láti Ìjẹ̀bú-Òde lóṣù tó kọjá. Wọ́n ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì ti sọ ọ́ fún mi gbangba pé bàálù kan ṣoṣo táwọn tún máa wọ̀ ni èyí tó máa gbé àwọn padà sílé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Stone Mountain lẹ́bàá Atlanta, àkọ́bí rẹ̀ sì máa jáde níléèwé girama níparí oṣù Karùn-ún. Màmá fẹ́ wà níbẹ̀, èmi náà sì fẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀.

Ọkọ mi ló mú ọ̀rọ̀ RV wá, ìyẹn ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì, ibi ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú: ká háyà ọ̀kan, ká rọra máa lọ, ká máa sùn lójú ọ̀nà, ká sì jẹ́ kí màmá rí ìlú díẹ̀. Àwa márùn-ún la máa lọ, ọmọ méjì wà nínú wa. Kò sẹ́ni tó wa RV rí láàárín wa. Irú èwo ni ká gbà? Ṣé màmá á lè gùn ún? Níbo la máa sùn, kí ló sì wà lọ́nà tó yẹ kí àgbàlagbà tó ti ilé wá rí, yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù?

Awakọ̀Àgbà_SanAntonio
Ẹ kú àlejò màmá o, ẹ bá mi kí wọn dáadáa. Ọkọ̀ akẹ́rù ni mo fi ṣiṣẹ́ jẹun ní orílẹ̀-èdè yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì, RV sì lèmi àti ìyá àwọn ọmọ mi fi ń lọ kí àwọn ọmọ wa báyìí.

Class C ni kí ẹ gbà, ìyẹn èyí tí bẹ́ẹ̀dì kan yọ síwájú lókè orí awakọ̀, kó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 25 sí 28. Class A tó rí bíi bọ́ọ̀sì ti tóbi jù fún ẹni tí kò wà á rí, Class B sì ti há jù fún ẹni márùn-ún. Láísẹ́ǹsì tí ẹ fi ń wakọ̀ yín tó fún un. Ohun tó máa ṣòro ni gíga rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ tó gùn. Ó máa ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà 11 tàbí 12, nítorí náà ẹ kọ iye gíga rẹ̀ sórí pépà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tí ojú awakọ̀ á ti máa rí i. Google Maps kò mọ̀ pé RV lẹ wà nínú rẹ̀, ó lè gbé yín lọ sábẹ́ afárá tí kò ga tó. Ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń rà láìsọ̀ kalẹ̀, ẹ má wọ ibẹ̀ rárá, òrùlé wọn ti ba ọ̀pọ̀ RV jẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ẹ kọ́kọ́ lọ síwájú dáadáa kí ẹ tó ṣẹ́ ọwọ́, kí ìdí ọkọ̀ má baà gbá òpó. Kì í tètè dúró bíi ti mọ́tò kékeré, ẹ jẹ́ kí àyè tó wà láàárín ẹ̀yin àti ọkọ̀ iwájú pọ̀.

Ní ti màmá, ẹ mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń háyà kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Kí wọ́n gun àtẹ̀gùn rẹ̀, kí wọ́n jókòó nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí wọ́n dìde. Ẹ wò ó bóyá irin ìdìmú wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ sì mú àpótí ìtìsẹ̀ dání, torí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń ga. Bẹ́ẹ̀dì òkè, ti àwọn ọmọ nìyẹn. Ti ẹ̀yìn ni ti màmá, ṣùgbọ́n kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: àwọn kan ti ògiri mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹni tó sùn sínú á fi máa gorí ẹni tó sùn síta tó bá fẹ́ tọ̀ lóru. Bí ọkọ̀ bá sì ti ń rìn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀. Kí màmá wà lórí ìjókòó tó kọjú síwájú, kí wọ́n de bẹ́líìtì.

Houston sí Atlanta, tí ẹ bá gba Mobile àti Montgomery, tó nǹkan bí 800 máìlì. Ẹ má ṣe ju 300 lọ lóòjọ́, kí ẹ sì ti gúnlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, torí wíwá ihò iná àti ihò omi nínú òkùnkùn ní ibùdó tí ẹ ò dé rí, ìyà ni. Ọ̀nà márosẹ̀ I-10 lẹ máa tọ̀. Lẹ́yìn Lafayette ní Louisiana, ẹ máa gun afárá Atchafalaya, máìlì 18 ló gùn lórí omi àti igbó, atẹ́gùn sì máa ń ti ọkọ̀ gíga níbẹ̀, kí awakọ̀ di ọwọ́ ọkọ̀ mú dáadáa. Ní Baton Rouge, ẹ bọ́ sórí I-12. Ó máa gbé yín gba òkè adágún Pontchartrain, ẹ ò ní í bá sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ New Orleans pàdé.

Àdùnní_Katy
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo fẹ́ tako yín.

RV ń jẹ gálọ́ọ̀nù kan lórí máìlì 8 sí 10. Àlọ nìkan ti tó nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 90. Minivan tó ń rin máìlì 25 lórí gálọ́ọ̀nù kan, 32 ló máa jẹ. Ìyẹn epo nìkan o. Ẹ kà á: owó háyà, owó orí máìlì tí ẹ bá kọjá iye tí wọ́n fún yín, owó jẹnẹrétọ̀ ní wákàtí wákàtí, ìdógò tí wọ́n máa dì mọ́ káàdì yín, àti owó ibùdó lálaalẹ́. Inṣọ́ránsì tí ẹ ní lórí ọkọ̀ yín lè má bo RV tí ẹ háyà, nítorí náà ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kí ẹ bi wọ́n, kí ẹ sì gba èsì náà ní kíkọ. Tí ẹ bá fi minivan lọ, tí ẹ sì gba yàrá méjì ní ìsàlẹ̀ ilé ní òtẹ́ẹ̀lì tó dáa lálaalẹ́, owó ṣì máa kù lápò yín láti fi ra ẹ̀bùn fún ọmọ tó fẹ́ gboyè.

Ìyá mi náà ti wá síbí. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀dì tí kò mì àti balùwẹ̀ tó fẹ̀.

Awakọ̀Àgbà_SanAntonio
Ìṣirò tí Àdùnní ṣe yẹn péye, mi ò lè jà á níyàn. Ẹni tó bá ń wá ọ̀nà tí kò wọ́nwó kò ní nǹkan kan í fi RV ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí àwọn àgbà kì í fẹ́ sọ síta. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa ń jẹ́ kí wọ́n tọ̀ léraléra. Tí wọ́n bá wà nínú mọ́tò kékeré, ojú á máa tì wọ́n láti sọ pé ẹ dúró, ni wọ́n á bá yáa yẹra fún omi, tàbí kí wọ́n má lo oògùn ọjọ́ yẹn rárá. Mo ti rí i nínú ẹbí tèmi, kò sì bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀ rí. Nínú RV, ẹ kàn máa yà síbi ìsinmi ẹ̀bá ọ̀nà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tiwọn wà níbẹ̀, ó mọ́, wọn ò rìn jìnnà. Fíríìjì wà fún oògùn tó nílò òtútù. Ọbẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sè wà níbẹ̀. Wọ́n lè na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún wákàtí kan nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Ohun tí owó yẹn rà nìyẹn.

ỌmọÌjẹ̀bú_Houston
Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Oògùn tí ẹ sọ yẹn gan-an ni wọ́n ń lò. Mo ti rí i báyìí ìdí tí wọ́n fi kọ omi nígbà tá a lọ sí Dallas. A máa gba RV. Àǹtí Àdùnní, ẹ má bínú sí mi o, mo máa pe àwọn inṣọ́ránsì lọ́la bí ẹ ṣe wí.

Nọ́ọ̀sì_Mobile
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mobile tí ẹ máa gbà kọjá yẹn ni mò ń gbé, mo sì ń bẹ̀ yín, ẹ má gbà á kọjá lásán. Ẹ yà sí Africatown.

Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀. Síbẹ̀, ní 1860, olówó kan ní Mobile tó ń jẹ́ Timothy Meaher rán ọkọ̀ ojú omi kan, Clotilda, lọ sí Ouidah ní ilẹ̀ Dàhòmì. Nǹkan bí èèyàn 110 ni wọ́n kó bọ̀. Lóru ni wọ́n kó wọn wọlé, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà nínú odò kí ìjọba má baà rí ẹ̀rí mú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn yẹn, Yorùbá ni wọ́n. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 1865 tí wọ́n gba òmìnira, ilé ni wọ́n fẹ́ padà sí, kò sówó ọkọ̀. Wọ́n bẹ Meaher pé kó fún àwọn nílẹ̀, ó kọ̀. Ni wọ́n bá ṣiṣẹ́, wọ́n tu owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì tẹ ìlú dó sórí rẹ̀. Ìlú yẹn ni Africatown.

Ọ̀kan nínú wọn ni Kossola, tí àwọn òyìnbó sọ ní Cudjo Lewis. Ìran Yorùbá tó wà ní apá Bantè, nínú orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ló ti wá. Ó wà láyé títí di 1935. Ère rẹ̀ wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Union Missionary Baptist, ìtẹ́ òkú àwọn ará ibẹ̀ kò sì jìnnà sí i. Ní 2019 ni àwọn onímọ̀ kéde pé àwókù ọkọ̀ tí wọ́n rí nínú odò Mobile, Clotilda ni lóòótọ́. Ní 2023 wọ́n ṣí Africatown Heritage House, àwọn ẹ̀ka pákó ọkọ̀ náà sì wà níbẹ̀ nínú omi, kí atẹ́gùn má baà bà wọ́n jẹ́. Ilé náà kò tóbi, kò ní í rẹ màmá. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí o, ẹ wo ọjọ́ kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

Mo máa ń mú àwọn àlejò mi lọ síbẹ̀. Ó máa ń dùn mí pé ọmọ Nàìjíríà tó pọ̀ ló ń gba I-10 kọjá nítòsí ibẹ̀ lọ sí etíkun Florida láìmọ̀ pé àwọn èèyàn wa wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tuscaloosa
Ẹ jẹ́ kí n fi kún ti nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe Kossola ló kẹ́yìn nínú àwọn ará Clotilda. Obìnrin kan wà tí wọ́n sọ ní Matilda McCrear ní Amẹ́ríkà. Àbákẹ́ lorúkọ rẹ̀ gangan. Ọmọ nǹkan bí ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ wá, ilà wà lójú rẹ̀ títí ó fi dàgbà, ó sì máa ń dirun bíi ti ilé. Ní 1931, nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bí máìlì 15 lọ sí kóòtù Selma láti bèèrè owó gbà-má-bínú nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí i. Wọn ò fún un ní nǹkan kan. Ó kú ní 1940.

Selma wà ní nǹkan bí 50 máìlì sí Montgomery, lórí US-80. Afárá Edmund Pettus tí àwọn ọlọ́pàá ti lu àwọn tó ń wọ́de nítorí ẹ̀tọ́ ìdìbò ní 1965 wà níbẹ̀. Tí ọjọ́ bá gbà yín, ẹ yà.

ỌmọÌjẹ̀bú_Houston
Mo ka ìwọ̀nyí sí màmá létí. Wọ́n ní kí n tún ti Àbákẹ́ kà. Wọ́n wá ní kí n bi yín: ṣé àwọn ọmọ wọn ṣì wà níbẹ̀? Níbo la tún lè sùn nítòsí?

Nọ́ọ̀sì_Mobile
Ẹ sọ fún màmá pé wọ́n wà. Àwọn ọmọ-ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ wọn ṣì wà ní Africatown àti káàkiri Mobile, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ tiwọn.

Ibi sísùn: Meaher State Park ní Spanish Fort, lójú ọ̀nà tó gba orí omi Mobile Bay kọjá. Iná wà, omi wà, kò jìnnà sí Africatown. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó sanwó: ìdílé Meaher yẹn náà ló ni orúkọ yẹn.

Àdùnní_Katy
Èmi ò lè sùn síbẹ̀ láéláé.

Nọ́ọ̀sì_Mobile
Mo gbọ́ yín, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe rí lára ọ̀pọ̀ èèyàn níbí. Èmi ń lọ síbẹ̀ láti pẹja. Ilẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni báyìí, àwọn ọmọ wa sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i bíi ti ẹnikẹ́ni. Kí ìdílé yín fúnra yín pinnu. Tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ lọ sí Gulf State Park ní Gulf Shores. Ó jìnnà díẹ̀ sí ọ̀nà yín, àmọ́ ó tóbi, etíkun oníyanrìn funfun sì wà fún àwọn ọmọ.

Ìyá_Ìbejì_BatonRouge
Ẹ jọ̀ọ́, ìrìnàjò ayọ̀ ni o! Ẹ má fi ìtàn ẹrú kún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ìyá. Ọgbà òdòdó Bellingrath wà ní Theodore lẹ́bàá Mobile, láti 1932 ló ti ṣí fún gbogbo èèyàn. Lóṣù Karùn-ún, òdòdó ibẹ̀ máa ń pọ̀. Ẹ bèèrè kẹ̀kẹ́ arọ fún wọn, kí ẹ máa tì wọ́n lọ pẹ̀lú òjìji. Ọjọ́ kan fún Africatown, ọjọ́ kan fún òdòdó.

Lára ohun tí mo tún fẹ́ sọ ni pé Memorial Day, ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n fi ń rántí àwọn ọmọ ogun tó kú, bọ́ sí ọjọ́ Ajé tó gbẹ̀yìn oṣù Karùn-ún. Gbogbo Gúúsù ló máa wà lójú ọ̀nà. Ẹ gba àyè sílẹ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ ibùdó ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣí àyè sílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, èyí tó bá dáa lára wọn á sì ti tán.

Àkàndé_Montgomery
Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ sùn sí Gunter Hill. Ibùdó ìjọba àpapọ̀ ni, lẹ́bàá odò Alabama, igi pọ̀ níbẹ̀, àyè ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀. Àárín ìlú wa kò gba RV dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀ ní ibùdó kí ẹ pe ọkọ̀ wá gbé yín.

Mi ò ní kí ẹ má lọ sí National Memorial for Peace and Justice, tí wọ́n ṣí ní 2018. Irin tó lé ní 800 ni wọ́n gbé dúró tí wọ́n sì so rọ̀ níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún agbègbè kan, orúkọ àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n pa láìgbẹ́jọ́ sì wà lára wọn, ó lé ní 4,400. Ṣùgbọ́n orí òkè ló wà, ilẹ̀ rẹ̀ ń gòkè ó ń sọ̀. Orúnkún màmá ni kí ẹ rò. Kí ọkọ yín kó àwọn ọmọ lọ, kí ẹ̀yin àti màmá jókòó sábẹ́ igi ní Gunter Hill.

Ọmọ_Peckham
Láti London ni mo ti ń kà yín o. Níbí náà la ti ń háyà irú ọkọ̀ yìí lọ sí Scotland, motorhome là ń pè é. Láísẹ́ǹsì wa máa ń fa wàhálà: ẹni tó gba tirẹ̀ láti January 1997 kò lè wa èyí tó wúwo ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ lọ lásán. Ó wù mí pé kí n lè mú ìyá tèmi náà rìn báyìí.

Àṣàkẹ́_Lithonia
Ẹ fi ibi tí ẹ máa gúnlẹ̀ sí kún un. Ìtòsí ẹ̀gbọ́n yín ni mo wà. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ka ìwé òfin HOA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wọn, lónìí, torí ọ̀pọ̀ lára wọn kì í gba RV láàyè níwájú ilé, owó ìtanràn sì máa ń tẹ̀lé e. Tí wọ́n bá gbà á, ẹ rántí pé ihò iná ara ògiri ilé kò lè gbé gbogbo ohun tó wà nínú RV. RV tó ń lo áńpù 30, tí ẹ bá fi ohun tí wọ́n fi ń so ó pọ̀ mọ́ áńpù 15 ti ilé, ẹ̀rọ amúlétutù lè má ṣiṣẹ́ rárá tàbí kó máa já iná. Ooru Georgia níparí oṣù Karùn-ún kì í ṣe eré fún àgbàlagbà. Kí màmá wọnú ilé lọ sùn lọ́dọ̀ ọmọ wọn.

Tí HOA bá kọ̀, ibùdó RV wà nínú Stone Mountain Park, létí adágún. Àwòrán àwọn olórí àti ọ̀gá ogun Gúúsù tó jà nítorí oko ẹrú ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta yẹn, ẹ má jẹ́ kó ya màmá lẹ́nu. Òkúta fúnra rẹ̀ tó ohun àwòyanu. Mo mọ̀ pé ará Ìjẹ̀bú ni yín, àmọ́ ará Ìdànrè bíi tèmi kì í rí òkúta kó má dúró wò ó.

Ọmọ_Ọ̀ṣun_Columbia
Kí ló dé tí ẹ ò tẹ̀síwájú dé Oyotunji ní Sheldon, South Carolina? Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wa ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1970, Ọba wọn àkọ́kọ́, Adefunmi, sì gba oyè ní Ifẹ̀ ní 1981. Màmá á rí ojúbọ Ọ̀ṣun nínú igbó Amẹ́ríkà.

Àdùnní_Katy
Ó ju máìlì 250 lọ láti Atlanta, àlọ nìkan. Orúnkún ìyá o! Kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wọn á fi mọ́tò tirẹ̀ gbé wọn lọ.

Bàbá_Táyé_Dallas
Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ táǹkì, ohun tó sì máa dààmú wọn jù nìyẹn.

Táǹkì mẹ́ta ló wà: ti omi tó mọ́, ti omi tí ẹ fi wẹ̀ tí ẹ fi fọ abọ́, àti ti ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ má ṣí ti ìgbọ̀nsẹ̀ sílẹ̀ kó máa dà jáde bó ṣe ń wọlé, kódà tí rọ́bà bá ti wà lára ihò ibùdó. Omi á ṣàn lọ, èyí tó le á kù nílẹ̀ á sì gan pa. Ẹ tì í pa títí á fi fẹ́ kún. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ dà á nù, ti ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, lẹ́yìn náà ni ti omi ìwẹ̀, kó lè fọ inú rọ́bà náà mọ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ṣe pàtàkì. Rọ́bà tí ẹ fi ń gba omi mímu kò gbọdọ̀ fara kan ti ìdọ̀tí. Tíṣù tó máa ń yọ́ kíákíá nínú omi ni kí ẹ rà, kí màmá sì da omi púpọ̀ tẹ̀lé e, ibi tí àwọn ìyá wa ti ń ṣọ́ omi lò nílé, wọ́n máa ń ṣọ́ ọ jù níbí.

Tí ẹ bá fẹ́ ra epo, ẹ pa gáàsì ìdáná kí ẹ tó yà wọlé. Jẹnẹrétọ̀ ń fa epo láti inú táǹkì ọkọ̀, ó sì máa ń kú fúnra rẹ̀ tí epo bá ti kù bí ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ẹ lè rí èyí tí ẹ máa fi dé ilé epo. Ẹ má rò pé ó bàjẹ́.

ỌmọÌjẹ̀bú_Houston
Ẹ̀yin èèyàn yìí, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ibi tá a bá a dé rè é: alẹ́ kan ní Lafayette, alẹ́ méjì ní Mobile, alẹ́ kan ní Gunter Hill, ká tó wọ Stone Mountain. HOA ẹ̀gbọ́n mi ò gbà, a ti gba àyè nínú ọgbà ìtura yẹn, màmá á sì sùn sínú ilé. Ní ti Meaher, èmi ò fẹ́ ẹ, màmá ló ní ibẹ̀ ni ká sùn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ jí láàárọ̀ kí àwọn gbàdúrà fún Àbákẹ́ létí omi tí wọ́n gbà kó o wọlé.

Ohun kan ló kù. Màmá fẹ́ dín ẹja àti dòdò lójú ọ̀nà, mo sì gbọ́ pé òórùn máa ń dúró sínú aṣọ ìjókòó.

Ìyá_Ìbejì_BatonRouge
Ó máa ń dúró, ilé iṣẹ́ tó háyà rẹ̀ fún yín sì lè gba owó ìfọṣọ lórí rẹ̀. Ẹ ra sítóófù kékeré oníná, kí ẹ gbé e sórí tábìlì ìta ní ibùdó. Ẹ sè ọbẹ̀ nílé kí ẹ tó kúrò, kí ẹ pín in sínú ike, kí ó dì. Iyán àti ẹ̀bà kì í fi òórùn sílẹ̀.

Awakọ̀Àgbà_SanAntonio
Ọjọ́ tí ẹ bá lọ gbé ọkọ̀, ẹ ya fídíò gbogbo ara rẹ̀, òrùlé náà, níwájú ẹni tó ń fà á lé yín lọ́wọ́. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà: 2321 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2021. Tí táyà bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọkọ̀ mìíràn. Kí ọkọ yín sì kọ́kọ́ wà á yípo pápá ọkọ̀ tó ṣófo kan ní Houston, kó fi ẹ̀yìn rìn, kó yà sọ́tùn-ún, kí màmá tó wọlé. Tí ẹ bá dé Mobile, ẹ kọ̀wé síbí.